Ẹgbẹ́ Olórin Poly-Rythmo àti Àwo Mẹ́ta Bàbá Mi

Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2014, mo gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wa lọ sí ọjà Alábà fún àtúnṣe. Ẹni tí ó bá mọ Alábà mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣọ́ọ̀bù kan ń kọ fújì, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń kọ orin ìjọ, ẹ̀kẹta ń kọ orin àwọn ọmọ ìwòyí, gbogbo rẹ̀ yóò sì wá pàdé lágbárí ẹni tí ń kọjá lọ. Mo ti jókòó títí etí mi fi di sí ariwo náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ìgbà tí gìtá kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti inú fóònù ọmọkùnrin tí ó ń tú ẹ̀rọ wa. Àyà mi là gààrà. Ọwọ́ tí ó ń ta gìtá yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé kà.

Mo bi í pé, "Níbo lo ti rí orin yìí?"

Ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, pé àwọn òyìnbó kan ní Jámánì ni wọ́n tún un gbé jáde. Ọmọ Ègùn ni ọmọkùnrin náà. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n ni, ẹ̀gbọ́n?"

N kò dá a lóhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ tí n kò mọ̀ rí pé mo mọ orin náà dáadáa, àti pé ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi sọ ọ́ sínú iná?

Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọkọ̀ Pijó 504 ni ó ń wà, ọ̀nà Kútọnu sì ni ọ̀nà rẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomaíkò, ojú ọ̀nà ni wá. Ẹni tí ó ń ti Èkó bọ̀ tí ó ń lọ sí Àgbádárìgì, sí Sẹ̀mẹ̀, títí dé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, iwájú ilé wa ni yóò gbà. Àwórì ni wá, ṣùgbọ́n àwọn Ègùn ni aládùúgbò wa, bàbá mi sì gbọ́ èdè wọn bí ẹni pé ọmú ìyá wọn ni ó mu. Nígbà tí ó bá ti ìrìn àjò dé, ẹ̀bùn tiwa ni búrẹ́dì gígùn àwọn ará ibẹ̀. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ni àwo orin.

Àwo mẹ́ta ni ó ní tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo. Ó ní ti Haruna Ishola, ó ní ti Ayinde Bakare, ó ní ti Ebenezer Obey, ṣùgbọ́n bí ó bá di alẹ́ Sátidé tí ó ti wẹ̀, tí ó ti jẹun, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni yóò gbé sórí ẹ̀rọ. Yóò kọ́kọ́ fi aṣọ nu ún. Yóò rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e, yóò sì dúró láàárín pálọ̀ láìjó, yóò máa mi orí, títí ìlù yóò fi wọlé. Nígbà náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀. Ijó rẹ̀ kì í ṣe ijó Àwórì, kì í sì í ṣe ijó òyìnbó. Èjìká ni ó fi ń jó o jù. Màmá mi a sì máa wí pé, "Ẹ wá wo bàbá yín, ó ti kọjá ẹnubodè."

Ní ọdún 1968 ni Clément Mélomé dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Kútọnu, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Ohun tí ó wà ní ìta nígbà náà ni orin sóòlù àti fọ́ńkì láti Amẹ́ríkà. James Brown ni ọba, kò sí ọ̀dọ́ olórin kan láti Àkíráà títí dé Èkó tí kò fẹ́ pariwo bí i tirẹ̀. Àwọn Poly-Rythmo náà pariwo bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ orin ti Faransé, wọ́n kọ ti Kúbà, wọ́n kọ háílàìfù, nígbà tí Fẹlá sì gbé Áfúróbíìtì dé, wọ́n kọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣeré fún owó oúnjẹ ni wọ́n: ohun tí àwọn oníjó bá ń fẹ́ ni wọn yóò lù.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé wọ́n gbé ìlù ojúbọ wọlé sínú orin ìgbàlódé náà. Méjì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìlù wọ̀nyí. Èkíní ni Sato, ìlù ńlá kan tí ó lè ga tó ènìyàn tàbí kí ó jù ú lọ, tí wọ́n ń lù níbi ayẹyẹ ìrántí àwọn òkú. Kò ṣàjèjì sí wa níhìn-ín, nítorí àwọn Ègùn Àgbádárìgì náà ní in. Èkejì ni Sakpata, ìlù òrìṣà ilẹ̀ àti ti ìgbóná, ẹni tí àwa ń pè ní Ọbalúayé tàbí Ṣànpọ̀nná.

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ bí ó ṣe ń dún. Ìlù òyìnbó yóò bẹ̀rẹ̀ bí ti James Brown, ẹsẹ̀ rẹ yóò sì rò pé òun mọ ibi tí ó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ pé ohun tí agogo máa ń sọ lójú agbo, gìtá ni ó ń sọ ọ́ báyìí. Gìtá onílà kíkẹ̀ ń dáhùn nísàlẹ̀ bí ìyá ìlù. Ibi tí o rò pé o máa gbé ẹsẹ̀ lé, kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti sún síwájú díẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà sí etí agbo Sakpata kò ní kọsẹ̀. Ẹni tí kò dàgbà síbẹ̀ yóò kọsẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún un gbìyànjú. Bernard Zoundegnon tí wọ́n ń pè ní Papillon ni ó ń ta gìtá, Gustave Bentho ń ta gìtá onílà kíkẹ̀, Léopold Yehouessi jókòó ti ìlù, àwọn bí Vincent Ahehehinnou àti Lohento Eskill sì ń kọrin. Èdè Fọ̀n ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ní èdè Mínà, ní Faransé, àti ní Yorùbá pàápàá.

Ilé iṣẹ́ tí ó gbé èyí tí ó lókìkí jù nínú orin wọn jáde ń jẹ́ Albarika Store, Adissa Seidou sì ni orúkọ ẹni tí ó ni ín. Olùkọ́ èdè ni mí, ẹ má bínú sí mi bí mo bá dúró díẹ̀ níhìn-ín. Albarika yìí, àlùbáríkà tí gbogbo wa mọ̀ ni. Àdìsá sì rèé. Ọ̀rọ̀ náà ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá sọ́dọ̀ àwa àti àwọn, ó dé ara àwo orin tí a fi ń jó ìlù òrìṣà, kò sì sí ẹni tí ó rí èèwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn láti ka orúkọ náà sókè. Yóò na àwo sí màmá mi, yóò ní, "Àlùbáríkà ni mo rà bọ̀ o."

Nígbà tí owó bá wà, Èkó ni Albarika máa ń kó wọn wá láti gba orin sílẹ̀, ní ilé iṣẹ́ EMI ní Apápá, ibi kan náà tí Fẹlá ti gba orin sílẹ̀. Nígbà tí kò bá sì sí owó, wọn a máa gbà á sílẹ̀ ní Kútọnu fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, nínú ilé ẹni kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra kan àti gbohùngbohùn kan tàbí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ àwọn orin inú ilé yẹn yóò mọ ohun tí mo ń wí: ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ òun ní láti sún mọ́ gbohùngbohùn, ẹni tí kò bá kàn án yóò sún sẹ́yìn. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lápapọ̀, wọ́n máa ń kà á sí bí i 500, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi gbe àwọn olórin mìíràn lẹ́sẹ̀, irú Gnonnas Pedro tí ó kọ "Fẹ̀sọ̀ Jayé" fún àwa Yorùbá.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní 1974, ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè náà yóò máa tọ̀. Ní 1975, wọ́n yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba náà dojú ogun kọ ohun tí ó pè ní àjẹ́ àti oṣó, àwọn olórìṣà púpọ̀ sì jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ní àkókò yìí gan-an ni Poly-Rythmo ń tẹ orúkọ Sato àti Sakpata sára àwo, lábẹ́ àkọlé orin, kí ẹni tí ó bá rà á lè mọ irú ijó tí yóò jó. N kò sọ pé akọni ni wọ́n. Wọ́n kọ orin yin ìjọba náà bí gbogbo olórin ìgbà náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n ìlù náà ń lọ ní abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára àwo yìí ni ó kó bá àwo bàbá mi.

Ní ọdún 1991, mo wà ní yunifásítì, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di olùkọ́. Mo ti wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan níbẹ̀, iná ìgbàgbọ́ ń jó lára mi, n kò sì ní ìmọ̀ tí ó tó láti fi ṣọ́ iná náà. Wọ́n kọ́ wa pé kí olúkúlùkù padà sílé lọ wo ohun àìmọ́ tí ó wà nínú ilé bàbá rẹ̀. Mo dé ilé ní àkókò ọdún Kérésì. Mo wo ilé wa yíká, n kò rí ère, n kò rí ìkòkò òrìṣà. Mùsùlùmí ni bàbá bàbá mi, onígbàgbọ́ ni àwọn òbí mi. Àwo nìkan ni mo rí. Mo gbé e wò, mo rí ọ̀rọ̀ náà: Sakpata. Mo bi ìyá arúgbó Ègùn tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ohun tí ó túmọ̀ sí. Kò dáhùn kíá. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ọba yín náà ni, ẹni tí ẹ kì í pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án."

Ó tó mi. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo da kẹrosíìnì sí wọn lórí. Ẹni tí kò bá tíì rí àwo orin tí ń jó kò lè mọ̀: kì í jó bí ìwé. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀, yóò ká ara rẹ̀ kò bí ewé kókò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, èéfín dúdú yóò sì máa jáde lára rẹ̀ pẹ̀lú òórùn tí kì í tètè kúrò lára aṣọ. Mo ń kọrin ẹ̀mí bí mo ti ń sun ún.

Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé bá mi níbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Atẹ́gùn ti gbé páálí ọ̀kan nínú àwọn àwo náà kúrò nínú iná. Ó dìde, ó mú un, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní etí rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwé tí mo ń fowó rán ọ lọ kà nìyí?" Ó wọlé lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 2005. N kò sì rí i kí ó jó mọ́.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti dákẹ́ nígbà tí mo ń sun àwo wọn. Papillon àti Yehouessi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ahehehinnou ti kúrò láàárín wọn ṣáájú ìyẹn. Ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, owó ilé ijó gbẹ, àwọn ènìyàn sì yí etí sí ohun mìíràn. Ẹgbẹ́ olórin kì í kú bí ènìyàn. Kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kéde òkú wọn. Mélomé kàn ń bá a lọ pẹ̀lú àwọn tí ó ṣẹ́ kù, wọ́n ń ṣeré níbi tí wọ́n bá ti pè wọ́n.

Àwọn tí ó wá wọn kàn kì í ṣe àwa. Ní ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn orin wọn àtijọ́ jọ sínú àwo kan. Lẹ́yìn náà ni Samy Ben Redjeb, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Analog Africa wà ní Frankfurt, dé Kútọnu, tí ó ń wá àwo tí eruku ti bò kiri. Ó gbé "The Vodoun Effect" jáde ní 2008, ó kó èyí tí ó wà ní àká Albarika jáde ní 2009. Oníròyìn orí rédíò kan láti Faransé, Élodie Maillot, gba iṣẹ́ alábòójútó wọn ṣe, ní 2009 yìí kan náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ lọ ṣeré ní Yúróòpù. Ẹ ro ó wò: ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ó di ẹ̀yìn ogójì ọdún kí wọ́n tó gbé gìtá dé Parisi. Lohento Eskill kò rí i. Ó ti kú ní 2006. Bàbá mi náà kò rí i.

Wọ́n ṣe àwo tuntun, "Cotonou Club", ní 2011. Angélique Kidjo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ayé mọ̀, bá wọn kọrin nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Franz Ferdinand láti Scotland. Ó dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó mọ́ jù. Olúkúlùkù ní gbohùngbohùn tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń sún sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Mélomé kú ní oṣù kejìlá ọdún 2012, àwọn tí ó kù sì gbé "Madjafalao" jáde ní 2016 láìsí i.

Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa sọ pé òyìnbó ti jí orin wa kó lọ. Ìwà ìrẹ́jẹ wà nínú òwò orin, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò sí, ó sì wà ní Alábà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti da orin olórin kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfún un ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò lè dá sí ìjà náà. Ohun tí mo sọ sínú iná, n kò ní ẹnu láti fi pe ẹni tí ó he ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní olè. Apápá ni wọ́n ti gba púpọ̀ lára orin yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ń gbé. Èmi sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣàngó pípè àti Ọya pípè lábẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn ajẹmẹ́sìn, tí mo ń sọ fún wọn pé ewì ni, pé kí wọ́n má bẹ̀rù rẹ̀. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1996. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi sọ ọ́ kí gìtá Alábà tó bi mí léèrè ohun tí mo fi ojú rí.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, nínú àpótí tí ó ń kó ìwé ọkọ̀ sí, láàárín ìwé ìwakọ̀ àti rìsíìtì ẹnubodè, mo rí páálí àwo náà. Etí rẹ̀ kan dúdú. Kò sí àwo nínú rẹ̀. Mo dá a padà síbẹ̀, mo sì ti àpótí.

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rọ̀ orin ajẹmẹ́sìn délẹ̀ ní kíláàsì SS2. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Sà, ṣé orin òrìṣà lè wọ inú orin tí kì í ṣe ti òrìṣà, kó sì má ba nǹkan jẹ́?" Mo mọ ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé. Dípò rẹ̀, mo mú fóònù mi jáde, mo gbé "Gbeti Madjro" sí i, ọ̀kan lára orin tí ó kọ́kọ́ sọ Poly-Rythmo di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Fóònù náà kéré, ariwo ọ̀nà Àgbádárìgì sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Bí orin àwọn bàbá àgbà ṣe rí létí wọn náà nìyẹn. Mo yí i padà, mo gbé ọ̀kan tí ó jẹ́ Sato sí i.

Ọmọkùnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí kì í sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ mi. Ègùn ni, èdè Yorùbá kò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, máàkì rẹ̀ kò dára. Ó gbé orí sókè. Ó fi ìka méjì bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Ohun tí ó ń lù kì í ṣe ohun tí ìlù inú fóònù ń lù, èkejì rẹ̀ ni, èyí tí ó sọnù nínú rẹ̀, àlàfo tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré tí n kò mọ̀ pé àlàfo ni. Kíláàsì yí ojú sí i. Ó dáwọ́ dúró, ó rò pé mo fẹ́ bá òun wí.

Mo ní kí ó máa lù ú lọ. Mo ní kí ó wá síwájú, mo sì fi tábìlì tèmi fún un.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú páálí náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gbé e yípo láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè sì fi ìka tọ́ etí rẹ̀ tí ó dúdú. Ó ní, "Sà, kí ló ṣe é níbí?"

Mo sọ fún wọn.